Awakọ̀, Kọ̀ńdọ́ àti Fóònù: Ìtàn Ìpè Ojú Ọ̀nà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì, yóò pòfo. Awakọ̀ tó fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, tó fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí, eku méjì ló ń lé. Bí ó bá sì pòfo, kì í ṣe òun nìkan ni òfò náà yóò kàn. Èrò tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá títì àti ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá láàárín ọkọ̀ ni yóò bá a pín nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe fóònù fi wá ọgbọ́n tí fóònù yóò fi máa pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun mọ́, ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń gbé kiri. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró fún ìgbà díẹ̀ ní Bọ́ládé tàbí ní ibùdókọ̀ Ṣélé yóò rí awakọ̀ tó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí fóònù há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń lọ. Kí ló dé tí ọgbọ́n yìí kò fi ràn wá tó bó ṣe yẹ? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn. Ohun tí ìtàn náà sì fi hàn ni pé a ti ní ọgbọ́n tiwa tó ń gba etí awakọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà kí fóònù tó dé, àwa fúnra wa ni a sì ń jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ló yẹ kí a ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀nà ló sọ agbègbè náà di ohun tó jẹ́ lónìí. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún ìrìnnà ní ọdún 1901. Ọ̀nà náà gba Òṣòdì kọjá. Títì mọ́tò tó lọ sí Agége náà gba ibẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba, wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ tó so èbúté Àpápá pọ̀ mọ́ Òṣòdì, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ Ìsọlọ̀ àti Ìlasamàjà kọjá. Pápákọ̀ òfúrufú Múrítàlá Muhammed kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀kọ́tà, láti Èjìgbò, láti Òkè-Àfà tàbí láti Mafolúkù, bí kò bá wọkọ̀ ní Òṣòdì, yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìjọba tó jẹ ní Èkó mọ bí ibẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Rájí Fáṣọlá kó àwọn ọlọ́jà tó gba ojú títì kúrò lábẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tí ìjọba Gómìnà Akínwùmí Aḿbọ̀dé kọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ojú títì àti etí títì ni wọ́n tún ṣe. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìjókòó awakọ̀ kò sí lára wọn.

Ó pẹ́ kí fóònù tó dé orí ìjókòó náà. Ní ọdún 1886 ni wáyà tó gba abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di ọdún 1893, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ti ní tẹlifóònù. Láti ìgbà náà títí di òpin ọ̀rúndún ogún, ohun tí a fi wáyà dè mọ́ ojú kan ni tẹlifóònù jẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa: ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni yóò lọ bá a níbi tó wà. Iléeṣẹ́ NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, kò ní ju nǹkan bí 400,000 ìlà tó ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ọ̀rúndún náà ń parí lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ ti lé ní 100,000,000. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ní Èkó ní fóònù alágbèéká tí nọ́mbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 090. Awakọ̀ dánfó kò sí lára wọn.

Ní òkè òkun, inú ọkọ̀ gan-an ni fóònù alágbèéká ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bọ́ sínú àpò. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1946, wọ́n pe ìpè kan láti inú mọ́tò ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi pè é wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 36, òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ló sì ń so ẹni tó ń pè pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ọdún 1973 ni Martin Cooper ti iléeṣẹ́ Motorola tó fi fóònù àfọwọ́dìmú pe ìpè àkọ́kọ́ ní ojú títì New York. Ohun tó yẹ kí a mú níbí ni pé àwọn tó kọ́kọ́ gbé fóònù sínú ọkọ̀ jẹ́ olówó àti oníṣòwò tó ń wa ọkọ̀ ara wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń wá ọgbọ́n láti pa fóònù lẹ́nu mọ́ ní lọ́kàn títí di òní. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ọkọ̀ èrò ní Èkó ti ní ètò tirẹ̀. Nínú mólùè àti dánfó, ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́: awakọ̀ àti agbowó ọkọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní kọ̀ńdọ́. A ti bú kọ̀ńdọ́ púpọ̀ fún ariwo rẹ̀, fún ìjà orí ṣéńjì àti fún bó ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló ń pe ibi tí ọkọ̀ ń lọ, Òṣòdì Òkè tàbí Òṣòdì Ìsàlẹ̀. Òun ló ń kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Òun ló ń gba owó, tó ń kà á, tó sì ń so èrò méjì pọ̀ lórí owó kan bí ṣéńjì kò bá sí. Òun ló ń kígbe “Ó wà o!” bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń nawọ́ sí ọkọ̀ ẹ̀yìn bí awakọ̀ bá fẹ́ yà. Bí èrò kan bá ń bínú, òun ni yóò dá a lóhùn. Gbogbo ohun tó lè gba ojú, etí àti ọwọ́ awakọ̀ kúrò lórí ọ̀nà, kọ̀ńdọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyàfi èyí tó bá kan ọ̀nà nìkan ló ń kọjá sí iwájú. Èmi kò sọ pé tìtorí ààbò ni wọ́n ṣe dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tìtorí owó ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ọgbọ́n àkọ́kọ́ tó ń pa ariwo ayé mọ́ lẹ́nu kí awakọ̀ lè gbájú mọ́ ọ̀nà, èèyàn ni ọgbọ́n náà, ẹnu ilẹ̀kùn ló sì máa ń wà.

Ọdún 2001 ni ohun gbogbo yí padà. Ní oṣù kìíní ọdún náà, lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní iye owó tó jẹ́ mílíọ̀nù 285 owó dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni èèyàn fi sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ́n gógó yìí gan-an ló kọ́kọ́ dáàbò bo ojú ọ̀nà: fíláàṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ara wọn ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi yóò lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè létí títì. Nígbà tí Globacom dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, tó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í rọjú. Fóònù ń dínwó, káàdì ń dínwó, títí tí kò fi sí awakọ̀ kan ní Òṣòdì tí kò ní fóònù. Láti ìgbà náà ni ọlọ́kọ̀ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un láti máa mú owó wá lójoojúmọ́ ti lè pè é láti béèrè ibi tó dé. Ìyàwó lè pè, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè pè láti sọ pé LASTMA wà níwájú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ayé rí ọ̀nà dé etí awakọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ kọ̀ńdọ́.

Òfin kò sùn. Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Ní ọdún 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ lákòókò yẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni alága ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó tí àjọ yìí ń lò, ẹni tó bá ń lo fóònù lórí ìrìn yóò san ìtanràn 4,000 náírà, àmì mẹ́rin yóò sì wọ orí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, LASTMA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2000, ọdún kan péré ṣáájú GSM, olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Òṣòdì níbí. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tuntun tó ka fóònù pípè, oúnjẹ jíjẹ àti owó kíkà lórí ìrìn léèwọ̀ fún awakọ̀. Ẹ kíyè sí owó kíkà yẹn. Iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ ni. Àwọn tó kọ òfin náà ti rí i pé iṣẹ́ ẹni kejì ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wàhálà yìí bá. Ìpínlẹ̀ New York ni ó kọ́kọ́ fòfin de fóònù àfọwọ́dìmú lórí ìrìn ní gbogbo Amẹ́ríkà, oṣù kọkànlá ọdún 2001 ni òfin náà sì bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí GSM wọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 1, oṣù kejìlá, ọdún 2003. Ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí fóònù ní àléébù kan níbi gbogbo: ojú òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i. Awakọ̀ tó bá tajú kán rí aṣọ àwọn LASTMA yóò sọ fóònù sórí itan, yóò sì máa wo ìsàlẹ̀ dípò kí ó máa wo iwájú. Báyìí ni ìbẹ̀rù ìtanràn ṣe lè sọ ewu kékeré di ńlá. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ New South Wales ní Australia fi gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kalẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2019, tó ń yàwòrán awakọ̀ láti òkè, kí wọ́n lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lórí itan rẹ̀.

Ṣé kí awakọ̀ wá ki okùn sétí, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èyí ti parí ọ̀rọ̀. Ìwádìí kò gbè wọ́n. Ní ọdún 1997, oníṣègùn Donald Redelmeier àti onímọ̀ ìṣirò Robert Tibshirani tẹ èsì ìwádìí jáde lórí awakọ̀ 699 ní Toronto tí wọ́n ní fóònù, tí ọkọ̀ wọn sì ní ìkọlù. Wọ́n rí i pé ewu ìkọlù ń di ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí awakọ̀ bá wà lórí ìpè, àti pé èyí tí a kò fi ọwọ́ dì mú kò sàn ju èyí tí a fi ọwọ́ dì mú lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ní Yunifásítì Utah, David Strayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lè wo nǹkan lójú títì kí ó má sì rí i. Ojú ń wò, ọkàn kò sí nílé. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọwọ́, kọjá ojú. Orí ìrònú ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí Toronto kan náà tún sọ òdì kejì: ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn awakọ̀ náà ló fi fóònù wọn pe àwọn olùrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ìkọlù. Àwa náà mọ ìwúlò 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, a mọ ti 767 àti 112 ní Èkó. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè ní kí awakọ̀ fi fóònù sílé. Ohun tí a ń wá ni bí yóò ṣe wà nínú ọkọ̀ láìgba ọkàn awakọ̀.

Ibí yìí ni ọgbọ́n inú fóònù ti wọlé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Apple fi ètò kan sínú iPhone tó ń dá a mọ̀ pé ọkọ̀ ń lọ, yálà nípa bí fóònù ṣe ń mì tó sì ń yára, tàbí nípa bó ṣe so pọ̀ mọ́ ọkọ̀ lórí Bluetooth. Bí ètò náà bá ti wà ní títàn, àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní ké, ojú fóònù kò ní tàn, fóònù yóò sì fúnra rẹ̀ dá ẹni tó kọ̀wé lóhùn pé ẹni náà ń wakọ̀ lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ọ̀nà wà tí ẹni náà lè gbà wọlé: yóò tún fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láti sọ pé kò ṣeé dúró dè. Google fi irú rẹ̀ sínú fóònù Pixel lọ́dún kan náà. Ṣáájú wọn, ní ọdún 2016, Samsung ti gbé fóònù kan jáde ní Íńdíà fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Ẹni tó bá pè yóò gbọ́ ohùn kan tó sọ fún un pé ẹni náà wà lórí alùpùpù. Bí ọ̀rọ̀ bá le, yóò tẹ nọ́mbà kan, ẹni tó ń gun alùpùpù yóò sì dúró kí ó tó dáhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tún ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe wò. Ó ń gba ìpè dípò awakọ̀. Ó ń fèsì fún ẹni tó ń béèrè. Ó ń sé ọ̀rọ̀ lásán mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó le kọjá síwájú. Kọ̀ńdọ́ nìyẹn! Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ ń wá kiri ni ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún awakọ̀ tó dá nìkan wà nínú ọkọ̀.

Kí ló wá dé tí kò fi bá Òṣòdì mu dáadáa? Ìdí àkọ́kọ́ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀rọ tó ń fi eré mọ̀ pé ọkọ̀ ń lọ lè rò pé ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń rìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń rá kò láti Ìlasamàjà dé Òṣòdì. Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ awakọ̀ máa ń lọ sórí fóònù, ìgbà yẹn náà sì ni ọlọ́jà, alágbe àti ọmọdé máa ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ó yani lẹ́nu pé ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi fóònù pamọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí kì í ṣe òfin. Àwọn tó ń já fóònù gbà lójú fèrèsé ni wọ́n ń sá fún. Ìdí kejì ni pé fóònù kò mọ awakọ̀ yàtọ̀ sí èrò. Nínú dánfó tí èèyàn mẹ́rìnlá kún inú rẹ̀, eré kan náà ni gbogbo fóònù ń sá. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ju kí ó béèrè lọ́wọ́ onífóònù bóyá òun ló ń wakọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ parọ́ fún un yóò parọ́.

Ìdí kẹta ló le jù: fóònù ti di irinṣẹ́ awakọ̀. Uber dé Èkó ní ọdún 2014, Taxify tó di Bolt tẹ̀lé e ní 2016. Fún awakọ̀ irú ọkọ̀ wọ̀nyí, ojú fóònù ni èrò ti ń wá, ojú fóònù ni ọ̀nà wà, ojú fóònù ni owó ti ń wọlé. Bí fóònù bá dákẹ́, iṣẹ́ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ kékeré tí a ń pè ní kòròpé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ní kọ̀ńdọ́: awakọ̀ ló ń pe èrò, òun ló ń gba owó, òun ló ń fún wọn ní ṣéńjì. Nígbà tí owó náírà wọ́n lóde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn ọlọ́kọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọkọ̀ láti báǹkì sí báǹkì, awakọ̀ tí kò ní kọ̀ńdọ́ sì ní láti wo fóònù kí ó tó mọ̀ bóyá owó ti wọlé. Ọlọ́kadà náà ń fi fóònù há abẹ́ àṣíborí kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ láti ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022. A ti kó iṣẹ́ ẹni méjì lé ẹnì kan lórí, a sì ń bínú pé kò gbájú mọ́ ọ̀nà.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló ti wà nílẹ̀ níwájú wa. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ BRT, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2008, tó sì dé ọ̀nà Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá ní ọdún 2020. Kò ní kọ̀ńdọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kó iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ lé awakọ̀ lórí. Tíkẹ́ẹ̀tì ní ìdíkọ̀, lẹ́yìn náà káàdì, ni wọ́n fi gba owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ibùdó tí ọkọ̀ yóò ti dúró sì ti wà láti ilẹ̀. Èkejì ni dánfó àtijọ́, níbi tí ẹni kejì wà. Èyí tó léwu ni àárín méjèèjì: ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ńdọ́, tí kò sì ní ètò kankan tó rọ́pò rẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ gbá ewu fóònù mú, ibẹ̀ ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó tún fi kún owó ìtanràn. Kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi fóònù pe ọkọ̀ máa fi ohùn sọ̀rọ̀ ṣókí fún awakọ̀, kí wọ́n má sì gbé iṣẹ́ mìíràn wá síwájú rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Kí ẹgbẹ́ awakọ̀ ní gáréèjì sọ ọ́ di òfin pé ọwọ́ kọ̀ńdọ́ ni fóònù awakọ̀ yóò wà títí wọn yóò fi dé òpin ìrìn, kí kọ̀ńdọ́ máa gbé ìpè, kí ó sì sọ fún ẹni tó pè pé ọ̀gá òun ń wakọ̀. Kò ní náni ní kọ́bọ̀. Kí iléèwé awakọ̀ ìpínlẹ̀ Èkó, LASDRI, sì kọ́ awakọ̀ bí a ṣe ń tan ètò ìdákẹ́jẹ́ inú fóònù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní àmì ojú títì.

Ó ku àwa tí à ń pè. Lójú Yorùbá, ẹni tí àgbà pè tí kò dáhùn ti rí àgbà náà fín. Ọlọ́kọ̀ tó pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìrí ìdáhùn lè gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìbẹ̀rù yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ fóònù sétí lórí afárá Òṣòdì, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wò ó sàn. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ kéré, ó sì wà lọ́wọ́ wa. Ìdáhùn tí fóònù máa ń fi ránṣẹ́ fún ẹni tó ń wakọ̀ ṣeé yí padà. Onífóònù lè kọ tirẹ̀ sí i ní èdè tó bá wù ú. Kí awakọ̀ kọ ọ́ báyìí: “Mo ń wakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, màá pè yín bí mo bá gúnlẹ̀.” Kí ó lo “ẹ” ni o, nítorí fóònù kò mọ bàbá yàtọ̀ sí ọmọ, ìdáhùn kan náà ni yóò fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá sì rí i gbà, ìbáà jẹ́ ìyá, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, kí ó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún òun àti fún gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Kí ó gbé fóònù tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó ní sùúrù. Ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, ọmọ yóò pe ìyá, awakọ̀ yóò pe ọlọ́kọ̀.